Yánrin Ẹ̀yìn Odò

Ohun tí mo bá àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ girama jà lé lórí jù lọ, ní gbogbo ọdún tí mo fi kọ́ wọn ní Yorùbá ní Ẹ̀fọ̀n-Aláayè, ni àmì ohùn. Ọmọ tó bá kọ ọ̀rọ̀ láìfi àmì sí i, ìlà pupa ni mo máa ń fà sí i nídìí, n ó sì yọ máàkì. Ìyá Olóhùn ni wọ́n ń pè mí lẹ́yìn. Mo mọ̀, kò sì dùn mí. Ohun tó ń dùn mí ni pé èmi yìí kan náà ni mo fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí kò ní àmì ba ilẹ̀ bàbá mi jẹ́, tí mo sì jẹ́ kí àbúrò mi ru ẹ̀bi rẹ̀ fún ọdún mẹ́rin.

Yánrin ni ọ̀rọ̀ náà. Ẹ̀fọ́ oko ni. Ewé rẹ̀ gùn, etí ewé náà rí ṣákaṣàka, ó máa ń ṣe oje funfun bí a bá já a, ó sì korò díẹ̀ lẹ́nu. Iyán tí wọ́n bá fi yánrin jẹ nílé wa, ẹnikẹ́ni kì í bèèrè ẹran lórí rẹ̀. Bí ẹ bá fi ohùn òkè sí ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ẹ̀fọ́ ni. Bí ẹ bá mú ohùn òkè yẹn kúrò, tí ẹ fi ohùn ìsàlẹ̀ sí ìparí, ó di yanrìn, èyí tí àwọn bíríkìlà ń pò mọ́ sìmẹ́ńtì. Lórí fóònù, láìsí àmì, ọ̀kan náà ni méjèèjì.

Ilẹ̀ bàbá wa wà ní ìsàlẹ̀ ìlú wa, Odò-Ọwà, ní òdìkejì odò. Àwa méjì ni Yèyé bí, èmi àti àbúrò mi ọkùnrin. Láti ìgbà tí bàbá wa ti kú ni àbúrò mi ti ń mójútó ilẹ̀ náà láti Àkúrẹ́, níbi tó ti ń ṣe iṣẹ́ kápẹ́ńtà. Ẹ̀gẹ́ ló gbìn sí apá òkè, ó sì fi ọkùnrin kan ṣọ́ ọ. Apá ìsàlẹ̀, níbi tí odò ti máa ń kún bò lọ́dọọdún, ẹnikẹ́ni kò gbin nǹkan kan síbẹ̀. Ibẹ̀ ni yánrin ń hù fúnra rẹ̀. Ibẹ̀ náà ni ewé eéran wà tí a fi ń pọ́n mọ́ínmọ́ín, àti igbín, àti akàn tí àwa ọmọdé máa ń fi ìka wa dánwò. Láti ọdún tí Yèyé ti fẹ́ bàbá wa ni wọ́n ti ń já yánrin níbẹ̀.

Ní òpin ọ̀sẹ̀ kan tí mo wá kí Yèyé láti Ẹ̀fọ̀n, àlùhájà aládùúgbò wa, tó ń ta ẹ̀fọ́ lọ́jà Ìjerò, wá ráhùn pé ẹni tó ń ṣọ́ oko kò jẹ́ kí òun àti àwọn ọmọ òun wọ ẹ̀yìn odò lọ já yánrin mọ́. Yèyé ní kí n sọ fún àbúrò mi pé kí ó jẹ́ kí wọ́n máa mú un. Mo pè é, mo pè é, nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò gbà. Ọlọ́kadà tí yóò gbé mi gun òkè padà sí Ẹ̀fọ̀n ti ń fọn fèrè lójúde bí ẹni tí wọ́n lé. Mo bá yọ fóònù, mo tẹ̀ ẹ́ báyìí: Yeye ni ki o je ki won maa ko yanrin eyin odo. Won ti ba won soro. Mo fi ránṣẹ́, mo sì gun ọ̀kadà. Èmi olùkọ́ Yorùbá nìyẹn.

Ohun tí n kò mọ̀ ni pé àwọn onítípà kan ti lọ bá àbúrò mi ní Àkúrẹ́ ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú. Wọ́n fẹ́ kó yanrìn ẹ̀yìn odò. Ó sì ti dá wọn lóhùn pé láìjẹ́ pé ìyá òun fọwọ́ sí i, òun kò lè sọ nǹkan kan. Nígbà tí ọ̀rọ̀ mi dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, kò sí ohun mìíràn tó lè rò. Ó gbà pé wọ́n ti lọ bá Yèyé nílé, Yèyé sì ti gbà fún wọn. Ó ní kí wọ́n máa bọ̀.

Bóyá à bá ti tètè rí i, ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni mo mú Yèyé wá sọ́dọ̀ mi nítorí ojú wọn. A lọ sí ọsibítù, a bọ̀, a tún lọ. Ọ̀gbẹlẹ̀ parí kí a tó padà sílé. Nígbà tí a dé, Yèyé ní kí n mú àwọn lọ sí odò kí àwọn já yánrin ọbẹ̀ alẹ́. Ojú wọn kò tíì ṣú tán nígbà yẹn. A sọ̀ kalẹ̀, a kò bá ẹ̀yìn odò mọ́. Kòtò la bá, ó jìn ju ilé lọ, ògiri yanrìn pupa dúró yíká rẹ̀, omi dúdú sì wà nísàlẹ̀. Katapílà ti ha erùpẹ̀ dúdú orí ilẹ̀ jọ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó ga bí òkìtì ọ̀gán. Kò sí ewé tútù kan níbẹ̀. Yèyé dúró, wọ́n fi ọwọ́ kan mú apá mi títí a fi délé.

Àlùhájà ló sọ fún wọn pé ọmọ wọn ọkùnrin ló fún àwọn onítípà láyè. Yèyé gbọ́ ọ tán, wọ́n ní, "Kó má wọ ulé mi mọ́. Ugbà tí yánrin bá tún hù ní ulẹ̀ yẹn, kó wá." Èmi wà níbẹ̀. Mo rò pé ìbínú ọjọ́ kan ni.

Mo jáde lọ sójú ọ̀nà, mo pe àbúrò mi, mo bẹ̀rẹ̀ sí í bú u. Ó jẹ́ kí n bú tán. Ó wá ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣebí ẹ̀yin lẹ kọ̀wé sí mi," ó sì ka ohun tí mo kọ sí mi létí. Bó ṣe ń kà á ni mo gbọ́ yanrìn nínú rẹ̀. Mo ní n ó padà wọlé lọ jẹ́wọ́ fún Yèyé. Òun ló ní kí n má ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀yin lẹ wà nítòsí wọn. Bí wọ́n bá bínú sí mi, Àkúrẹ́ ni mo wà. Bí wọ́n bá bínú sí yín, ta ni yóò máa mú wọn lọ wo ojú? Ẹ jẹ́ kó wà lọ́rùn mi." Mo ní rárá. Ṣùgbọ́n n kò wọlé lọ jẹ́wọ́. Mo ní ó di ọ̀la, ọ̀la di ọ̀sẹ̀ kejì, ó di oṣù, ẹnu mi sì di. Ìtìjú ló ṣe mí, kì í ṣe ìfẹ́ Yèyé. Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ báyìí, nígbà tí n kò sọ ọ́ nígbà tó yẹ.

Ọdún yẹn náà ni mo fẹ̀yìn tì, mo sì kó padà sí Odò-Ọwà láti máa tọ́jú Yèyé. Ojú wọn ti ṣú tán. Lójoojúmọ́ tí ilẹ̀ bá ti mọ́, tí mo bá ti gbé ẹ̀kọ wọn kalẹ̀, ohun tí wọ́n máa bi mí ni, "Kí ló hù ní ubi yẹn?" Bí mo bá ní n kò tíì lọ wò ó, wọn kì í fọwọ́ kan ẹ̀kọ. Mo bá ń lọ. Orúnkún mi kì í ṣe ti ọmọdé mọ́, ìsàlẹ̀ odò sì jìn. Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì wa rò pé mo ń lọ gbàdúrà níbẹ̀.

Ọdún àkọ́kọ́ lẹ́yìn àwọn onítípà, òfo ni. Ooru yanrìn yẹn ń jóni gba inú bàtà. Lẹ́yìn èyí ni patanmọ́ wọlé láti etí ọ̀nà, ó ń fà nílẹ̀. Mo já a lọ fún Yèyé, ó gún wọn lọ́wọ́, wọ́n ní, "Aláìnítìjú lèyí, kò sí ubi tí kò lè dé." Ẹkan tẹ̀ lé e. Èèsún hù sí etí omi. Ìmí-eṣú hù sí ojú ọ̀nà típà, ó sì yọ òdòdó. Gbogbo èyí ni mo ń mú lọ sílé, tí Yèyé ń fọwọ́ pa, tí wọ́n ń gbóòórùn rẹ̀, tí wọ́n ń dárúkọ rẹ̀ fún mi kí n tó sọ ọ́. Nígbà tí mo mú ewé ìpín dé, tí ara rẹ̀ ń ha ni lọ́wọ́, wọ́n fi ra èékánná wọn, wọ́n rẹ́rìn-ín. Ìpín, igi ni í dà. Wọ́n ní ilẹ̀ tí igi bá ti gbà láti dúró sí kò tíì kú. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bèèrè yánrin. Mo ní kò sí.

Mo gbìyànjú láti gbìn ín. Ẹ má rẹ́rìn-ín mi. Yánrin tí ń hù sẹ́yìn ilé ìdáná gbogbo ayé, tí wọ́n ń fi ọkọ́ tu dànù, èmi wọ mọ́tò lọ sí Ìdó-Ilé lọ tọrọ gbòǹgbò rẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ mi kan. Mo gbìn ín sí ìsàlẹ̀ kòtò, òjò ńlá kan rọ̀, yanrìn ya bò ó. Mo gbìn ín sí ẹ̀gbẹ́ òkè, oòrùn pa á láàárín ọjọ́ mẹ́ta. Mo ru omi lọ, mo ru ìgbẹ́ adìyẹ lọ, ẹ̀yìn mi ń dún. Lẹ́ẹ̀kẹta, ó mú ewé mẹ́rin jáde, inú mi dùn débi pé mo kọrin bọ̀ wálé. Ewúrẹ́ ẹnì kan ti jẹ ẹ́ nígbà tí mo fi padà dé lọ́jọ́ kejì. Mo jókòó sórí yanrìn, mo sunkún bí ọmọ tí wọ́n gba àkàrà lọ́wọ́ rẹ̀.

Àwọn ohun tí n kò pè ló ń dé. Àkèré kún inú omi dúdú yẹn, ariwo wọn kì í jẹ́ kéèyàn gbọ́rọ̀. Lámilámi ń fò lójú omi. Lékeléke méjì mẹ́ta máa ń dúró sétí rẹ̀ lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́. Mo rí ẹsẹ̀ ọ̀yà nínú èèsún, òkété sì gbẹ́ ihò sídìí òkìtì erùpẹ̀ dúdú. Lọ́dún kẹta, àwọn ẹyẹ kéékèèké kan dé, aláwọ̀ ewé, ẹnu wọn gùn. Wọ́n ń jẹ oyin àti agbọ́n. Ojú ògiri yanrìn yẹn, níbi tí katapílà ti gé e gbọọrọ, ni wọ́n gbẹ́ ihò sí. Mo ka ihò náà títí ojú mi fi ń ṣe bàìbàì. N kò rí irú ẹyẹ bẹ́ẹ̀ níbẹ̀ rí nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Inú bí mi sí wọn. Mo bi wọ́n pé ta ló pè wọ́n wá sórí ẹ̀ṣẹ̀ mi. Wọ́n ń wọlé, wọ́n ń jáde, kò kàn wọ́n.

Láàárín gbogbo èyí, àbúrò mi kò wọ ilé wa. Ó fi ọmọ rẹ̀ obìnrin fọ́kọ, Yèyé kò lọ, wọn kò sì ránṣẹ́ àdúrà. Mílíìkì tí Yèyé ń mu láràárọ̀, òun ló ń rà á ránṣẹ́. Bùláńkẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń bò, òun ló rà á. Ó ní kí n má dárúkọ òun kí wọ́n má baà kọ̀ ọ́. Yèyé á mu mílíìkì tán, wọ́n á gbé ọwọ́ lé mi lórí, wọ́n á ní, "Ìwọ nìkan ni mo bí." Mo máa ń ṣe àmín. Mo fẹ́ kí ẹ mọ bí àmín yẹn ṣe ń jáde lẹ́nu mi.

Lọ́dún kẹrin, lẹ́yìn òjò àkọ́rọ̀, mo gun òkìtì erùpẹ̀ dúdú náà lọ wo ebòlò tó hù síbẹ̀, kí n lè mú un lọ fún ọbẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀, mo rí ewé kan tí etí rẹ̀ rí ṣákaṣàka. Mo já a. Oje funfun ta sí mi lọ́wọ́. Kì í ṣe ẹyọ kan, ó tó mẹ́sàn-án tàbí mẹ́wàá, wọ́n jáde láti inú gbòǹgbò àtijọ́ tí katapílà gé sí wẹ́wẹ́. Èmi ń ru gbòǹgbò kiri láti Ìdó-Ilé, ti ilé wà lábẹ́ erùpẹ̀ níbẹ̀. Mo já ọwọ́ kan, mo sáré wálé.

Ọkàn mi balẹ̀ lójú ọ̀nà yẹn ju bó ti balẹ̀ rí lọ láàárín ọdún mẹ́rin. Mo ní ó ti tán. Yánrin ti hù, àbúrò mi yóò wọlé, kò sì sí ẹni tí yóò bèèrè nǹkan kan lọ́wọ́ mi. Ohun tí mo rò nìyẹn, n kò lè purọ́. Yèyé gba ewé náà, wọ́n já a lẹ́nu, wọ́n tọ́ oje rẹ̀ wò. Omi bọ́ lójú wọn. Wọ́n ní, "Pè é. Mo ti sọ ọ́, n ò ní yí i. Ṣùgbọ́n kó dọ̀bálẹ̀ níwájú mi, kó sọ ohun tó rí tó fi ta ulẹ̀ bàbá rẹ̀ lẹ́yìn mi."

Mo pè é, mo sọ ohun tí Yèyé wí fún un. Ó ní, "N ó dọ̀bálẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi. Kí ló wà níbẹ̀? Ó ti rẹ̀ mí."

Ọjọ́ Sátidé ló dé, lọ́sàn-án. Ewú ti bo orí rẹ̀ ju tèmi lọ. Ó bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí sìmẹ́ńtì níwájú àga Yèyé. Yèyé na ọwọ́, wọn kò fi kan orí rẹ̀. Wọ́n ní, "Kí ló ṣe ọ́ tí o fi ta á?"

Mo rí i tó ń wá ọ̀rọ̀. Ó wá ní, "Ojúkòkòrò ni, Yèyé. Ẹ dárí jì mí."

Àbúrò mi kì í ṣe olójúkòkòrò. Bí a bá fún un ní ẹran méjì lọ́mọdé, ọ̀kan á wá sínú abọ́ mi. Gbogbo ohun tó ti rù fún mi láti ọdún mẹ́rin, mo ti ń wò ó bí ẹni pé kò wúwo, ṣùgbọ́n orúkọ yẹn, lẹ́nu ara rẹ̀, n kò lè gbà á. Mo kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo ní, "Yèyé, kì í ṣe òun. Èmi ni mo kọ̀wé sí i. Ẹ ní kó jẹ́ kí wọ́n já yánrin, èmi kọ ọ́ bí ẹni pé yanrìn lẹ wí. Ó rò pé ẹ̀yin lẹ fọwọ́ sí i. Láti ọjọ́ tí a ti rí kòtò yẹn ni mo ti mọ̀." Mo sọ ti mílíìkì náà. Mo sọ ti bùláńkẹ́ẹ̀tì. Nígbà tí ẹnu mi ti là, kò ṣeé dì mọ́.

Yèyé kò pariwo. Wọ́n fi ọwọ́ wá orí àbúrò mi títí wọ́n fi rí i, wọ́n sì fi ọwọ́ sí i níbẹ̀. Wọ́n ní, "Yánrin kọ́. Ẹnikẹ́ni lè ṣi uṣẹ́ jẹ́. Ọdún mẹ́rin ni o fi ń bọ́ mi, tí o ń gbọ́ mi tí mo ń ṣépè fún ọmọ mi, o sì ń ṣe àmín." Wọ́n yí ojú wọn sí ògiri. Láti ìgbà yẹn títí ilẹ̀ fi mọ́, wọn kò bá mi sọ̀rọ̀. Wọ́n jẹ oúnjẹ tí mo gbé kalẹ̀, wọ́n jẹ́ kí n wẹ̀ fún wọn, ṣùgbọ́n wọn kò dá mi lóhùn.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Àìkú, wọ́n ní kí àbúrò mi gbé àwọn lọ sí ẹ̀yìn odò. Ó ní ọ̀nà kò dára. Wọ́n ní ṣé ọ̀nà dára nígbà tí àwọn ń pọ̀n ọ́n dàgbà. Ó bẹ̀rẹ̀, mo fi ọ̀já dì wọ́n mọ́ ọn lẹ́yìn, ọkùnrin tó ti lé ní àádọ́ta ọdún, ó pọn ìyá rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀. Mo mú ọ̀pá àti bàtà Yèyé dání, mo tẹ̀ lé wọn lẹ́yìn. A gba orí òkúta kọjá odò. Nígbà tí a dé etí kòtò, àwọn ẹyẹ yẹn gbéra lójú ògiri, wọ́n ń han gooro.

Yèyé gbé orí sókè. "Kí lèyí?"

"Ẹyẹ ni, Yèyé," àbúrò mi wí. "Wọ́n pọ̀. Inú yanrìn ni wọ́n kọ́lé sí."

Wọ́n tẹ́tí, wọn kò sọ pé ó dára, wọn kò sọ pé kò dára. Àbúrò mi bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó ń fi ẹsẹ̀ wá ibi tó le. Èmi náà tẹ̀ lé e. Yanrìn ya lábẹ́ ẹsẹ̀ mi, mo yọ̀, mo di ìpín kan mú kí n tó dúró. Yèyé gbọ́ ọ. Wọ́n fi ọwọ́ gbá àbúrò mi léjìká kó dúró.

"Ta ló wà lẹ́yìn wa yẹn?"

"Ẹ̀gbọ́n mi ni."

Wọn kò yí ojú padà sí ọ̀dọ̀ mi. Wọ́n fi ẹnu sí etí rẹ̀ bí ẹni tí kò fẹ́ kí n gbọ́, mo sì gbọ́.

"Sọ fún un kó máa wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Kó di ọ̀já mi mú bí kò bá lè rìn ín."